Bí a ṣe ń ra pákó òrùlé: igi wo, ìwọ̀n wo, àbùkù wo

Ní ìsọ̀ pákó, orúkọ ni wọ́n fi ń dá iye lé ọjà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gan-an ló máa gbé òrùlé yín ró. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2x4 yẹ kó nípọn ní ínṣì 2, kó fẹ̀ ní ínṣì 4, kó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ na tépù sí i. Púpọ̀ nínú èyí tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò nípọn ju ínṣì 1½ lọ, kò sì fẹ̀ ju 3½ lọ. Lójú, ohun tó dín kò tó nǹkan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 2 lọ́nà 4 jẹ́ 8, 1½ lọ́nà 3½ jẹ́ 5¼. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta igi tí ẹ sanwó rẹ̀ tí ẹ kò gbé lọ sílé.

Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti agbára. Bí a bá gbé pákó nàró lórí òrùlé, tó fi ẹ̀gbẹ́ tó tín-ín-rín jókòó, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: bí fífẹ̀ bá dín díẹ̀, lílekoko rẹ̀ á dín púpọ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta la ó fi fífẹ̀ náà lọ́nà ara rẹ̀ nínú ìṣirò. Pákó 1½ sí 3½ kò ní ju ìdajì lílekoko ojúlówó 2x4 lọ. Òrùlé tí káfíńtà wọn fún 2x4, tó wá fi irú èyí kàn, á rì láàárín bó pẹ́ bó yá, omi òjò á sì máa dúró síbi tó rì náà.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé sílé, lè sọ pé 1½ sí 3½ náà ni 2x4 lọ́dọ̀ tiwọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ pákó tọ̀hún ti gbẹ, wọ́n ti fá a, òǹtẹ̀ ìpele agbára wà lára rẹ̀, ẹni tó ya àwòrán ilé sì ti fi ìwọ̀n yẹn ṣe ìṣirò. Tiwa ń bọ̀ ní tútù láti ẹnu ayùn, kò ní òǹtẹ̀, bó bá sì gbẹ, á tún sún kì sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka pákó yín kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ má lọ sọ́jà pẹ̀lú "ẹ ṣáà kó èyí tó máa tó fún wa." Ká ní òrùlé oníhà méjì ni, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 láti etí dé etí, tí ìhà kọ̀ọ̀kan sì gùn ní ẹsẹ̀ 18 láti ṣóńṣó dé ìsàlẹ̀.

Bí ràfútà, pákó tó dà gẹ̀rẹ́ láti ṣóńṣó òrùlé wá sí ìsàlẹ̀, bá wà ní ẹsẹ̀ 4 síra wọn, 40 pín sí 4 jẹ́ 10, ẹ fi 1 kún un nítorí ti ìbẹ̀rẹ̀, ó di 11 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 22 lápapọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ 18, àpapọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 396, ìyẹn pákó 33. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ibi tí a ó ti gé àbùkù dànù, ẹ ra 37. Ó dára bí ẹ bá lè fi méjì tàbí mẹ́ta kún ìyẹn, torí ojú ìsopọ̀ náà máa ń jẹ igi.

Pọ́líìnì, èyí tí a ó kan páànù mọ́, bó bá wà ní ẹsẹ̀ 3 síra wọn, ó máa jẹ́ ìlà 7 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 14 lápapọ̀. Ìlà 14 lọ́nà ẹsẹ̀ 40 jẹ́ ẹsẹ̀ 560, tó jẹ́ pákó 47. Pẹ̀lú àfikún, 52. Ẹsẹ̀ 3 yìí wà fún páànù alumíníọ̀mù gígùn. Bó bá jẹ́ páànù olókùúta wẹ́wẹ́ lẹ fẹ́ lò, pọ́líìnì rẹ̀ sún mọ́ra gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n páànù náà ló sì ń sọ ọ́. Ẹ gba ìwọ̀n yẹn lẹ́nu ẹni tó ń ta páànù kí ẹ tó ra igi kankan.

Káfíńtà púpọ̀ máa ń béèrè 2x2 fún pọ́líìnì. Tówó bá wà, 2x3 tí a gbé nàró sàn jù: ó le ju 2x2 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdajì igi péré ló fi jù ú lọ.

Láti fi ọjà méjì wéra, ẹ máa lo ìṣirò tí àwọn onígẹdú ń lò: ínṣì nínípọn lọ́nà ínṣì fífẹ̀ lọ́nà ẹsẹ̀ gígùn, ẹ wá pín in sí 12. 2x4 ẹlẹ́sẹ̀ 12 jẹ́ 8, 2x6 jẹ́ 12, 2x3 jẹ́ 6, 1x12 jẹ́ 12. Ẹ pín owó pákó kan sí iye yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí tépù yín sọ ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi orúkọ ṣe é. Ẹ ó rí i pé ẹni tó ń tà ní ẹ̀dínwó lè jẹ́ òun gan-an ló ń tà wọ́n jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ igi tí ẹ ń rà

Gẹdú tó ń wọ Èkó láti Oǹdó, Ògùn, Ẹdó àti agbègbè Niger Delta, orí omi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń gbà. Wọ́n á so ìtì igi pọ̀, wọ́n á fà á gba ọ̀sà wọ ìlú. Igi tó wúwo ju omi lọ, irú ekki, àárín àwọn tó fúyẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́ kó má bàa rì. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ìsọ̀ pákó Bódìjà. Igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oluwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni oko melina ńláńlá wà, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú melina tó ń wọ ọjà ti ń wá. Nígbà òjò, ọ̀nà igbó máa ń bàjẹ́, igi á wọ́n, èyí tó bá sì dé á rin gbingbin. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dára jù láti rà.

Fún ràfútà àti igi ìdábùú tó so ògiri méjì pọ̀, ìdígbò àti òpèpè ni a máa kọ́kọ́ wá. Ìdígbò ní àwọ̀ yẹ́lò ráńpẹ́, kò wúwo jù, kì í sì í ṣe wàhálà púpọ̀ bó bá ń gbẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé oje rẹ̀ kan díẹ̀: bí ọ̀rinrin bá bá a pẹ̀lú ìṣó irin lásán, igi á dúdú yí ìṣó ká, ìṣó á sì dípẹtà. Ìṣó tí wọ́n fi síńkì bò ni kí ẹ lò fún un. Òpèpè wúwo jù ú lọ, ọsàn-àn ló jọ láwọ̀, ikán kì í sì í tètè rí i jẹ. Bí ẹ bá ń kan ìṣó mọ́ òpèpè láìlu ihò, ó máa là.

Afàrà funfun ṣeé lò lórí òrùlé bó bá gbẹ dáadáa tí ẹ sì fi oògùn sí i. Láìsí oògùn, ẹ má lò ó. Melina rí bákan náà. Ti oko tó jẹ́ ọmọdé máa ń kún fún kókó, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Arère fúyẹ́, ayùn ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ìṣó kì í là á, owó rẹ̀ sì rọrùn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tì í sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibi tó yẹ ẹ́ ni igi wẹ́wẹ́ sílíìnì àti inú àga. Kòkòrò tó ń sọ igi di ìyẹ̀fun fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ, torí sítáàṣì pọ̀ nínú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ra ní tútù lẹ́yìn tí wọ́n là á, kì í pẹ́ tí èbu á fi sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù. Búlúù yìí kò jẹ agbára rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún yín pé pákó náà pẹ́ nínú ọ̀rinrin, ìdíbàjẹ́ gidi sì lè ti wà lọ́nà. Àràbà kò yẹ kó dé orí òrùlé rárá. Ó tán sí pákó dẹ́kìn tí a ó tú dànù lẹ́yìn tí kọnkéré bá gbẹ.

Ìrókò, apá àti ọ̀gánwó, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni kí ẹ máa kó wọn sí. Owó wọn ti kúrò ní owó igi òrùlé, igbó tó kù fún wọn kò sì pọ̀ mọ́. Láti ọdún 2023, apá àti ọ̀gánwó ti wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko tó lè run, torí náà ẹni tó bá fẹ́ kó pákó wọn sọdá ààlà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Mansonia dára fún fáníṣọ̀, àmọ́ ìyẹ̀fun ayùn rẹ̀ máa ń dun imú, ojú àti awọ ara gidigidi: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á láìbo imú.

Ìlànà ìjọba kan wà, NCP 2 ti ọdún 1973, tó pín igi ilẹ̀ wa sí ìsọ̀rí agbára láti N1, tó le jù, dé N7. Ó tún fi ìpele 80, 63, 50 àti 40 dá pákó lẹ́jọ́, nọ́ńbà yìí sì ń sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó kù fún pákó náà tí a bá fi wé igi tí kò lábùkù kankan. Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ẹ kò ní bá òǹtẹ̀ nọ́ńbà wọ̀nyí lára pákó. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa pín in sí ìpele.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣa pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ sọ fún onísọ̀ kí ẹ tó dúnàá dúrà pé ẹ máa ṣà á. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ mú tépù, ìṣó ẹnu ṣóńṣó kan, ọ̀bẹ kékeré àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ojú mẹ́ta ni kí ẹ ti wọn pákó kọ̀ọ̀kan: orí, àárín, ìdí. Pákó tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì là nínú igbó lè jẹ́ ínṣì 2 lórí, kó jẹ́ 1¼ láàárín, torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí ayùn náà. Ibi tó tín-ín-rín jù yẹn ni pákó náà máa ti ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí kan sókè dé ojú, kí ẹ wo gbogbo gígùn rẹ̀. Bó bá tẹ̀ sókè bí ọrun níhà tó tín-ín-rín, tí títẹ̀ náà kò sì ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kan lọ ní ẹsẹ̀ 12, ó ṣeé lò: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ọfà sí ìhà tó yọ gọngọ, kí káfíńtà kọjú rẹ̀ sókè, ẹrù páànù á sì tẹ̀ ẹ́ padà. Bó bá lọ́ pọ̀, tí igun kan gbé sókè nígbà tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ dá a padà. Kò sí ìṣó tó ń na igi tó lọ́, bó bá sì ń gbẹ sí i, á fa ìṣó yọ.

Kókó tún ṣe pàtàkì. Kì í ṣe iye kókó ni kí ẹ kà, ibi tó wà ni kí ẹ wò. Kókó tó wà ní etí pákó, ní ìdá àárín gígùn rẹ̀, ló léwu jù, torí ibẹ̀ ni títẹ̀ ti ń fa igi ya. Kókó kan náà, bó bá wà ní agbedeméjì fífẹ̀ tàbí lẹ́bàá ìdí, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Fún ràfútà, kókó tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ pákó lọ, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Kókó dúdú tó ní ojú ìlà yí i ká jẹ́ òkú kókó, ihò ni kí ẹ kà á sí.

Ẹ wá fi ẹnu ìṣó fa ìlà lọ lórí pákó láìfi agbára darí rẹ̀. Ìṣó á tẹ̀lé bí iṣan igi ṣe lọ. Bí ìlà náà bá yà kúrò ní ínṣì 1 láàárín ínṣì 8, iṣan igi náà ti dábùú jù. Irú pákó bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́ lójijì láìké. Èyí ni àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi àbùkù tí ojú kò rí hàn.

Ní ti kòkòrò, ihò méjì ló wà. Ihò wẹ́wẹ́ tí etí rẹ̀ dúdú, tí kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, jẹ́ ti kòkòrò tó wọ igi nígbà tó ṣì tútù nínú igbó. Ó ti kú tàbí ti lọ. Ihò rogodo tó mọ́ láwọ̀, tí ìyẹ̀fun kúnná bíi ti páúdà ń dà jáde nínú rẹ̀, kòkòrò rẹ̀ ṣì ń jẹun. Ẹ gbá pákó méjì mọ́ra kí ẹ wo ohun tó máa dà sílẹ̀. Ẹ má kó ẹyọ kan péré lára rẹ̀ wọlé, á kó ran ìyókù. Ara funfun tó wà lẹ́bàá èèpo ni wọ́n ń wá, inú pupa kì í sábàá gbà wọ́n. Nítorí náà, pákó tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ara funfun kò tọ́ sí owó igi líle.

Bí ẹ bá fura pé igi ti ń jẹrà, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un níbi kan, kí ẹ wọ́ ọ sókè. Igi tó péye á hú ní fọ́nrán gígùn, á sì dún. Èyí tó ti ń bàjẹ́ á ṣẹ́ kúkúrú, ẹnu ibi tó ti ṣẹ́ á tẹ́ bí àkàrà. Pákó tó fúyẹ́ gan-an ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igi kan náà lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀.

Ẹ pín in sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó gún tó sì mọ́ fún ràfútà àti ìdábùú, èyí tó ní àbùkù díẹ̀ fún òpó kúkúrú àti ìtìlẹ́yìn, níbi tí ẹ ti lè gé àbùkù dànù, ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún onísọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kó gbẹ

Omi inú igi tútù lè ju ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ rẹ̀ lọ. Bó bá gbẹ dé nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Lábẹ́ òrùlé nílẹ̀ Yorùbá, ó máa ń balẹ̀ sáàárín 12 sí 18. Gbogbo sísún kì yẹn, bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti kan páànù, ìṣó ló máa tú, páànù ló sì máa máa dún bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Ẹ to bulọ́ọ̀kù tó ga ní nǹkan bí ínṣì 18 sílẹ̀ níbi tí omi kì í dúró sí. Ẹ fi ọ̀pá gbígbẹ tó jẹ́ ínṣì 1 ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín ìlà pákó kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ 2 síra wọn: ọ̀pá 7 ló máa lọ sí ìlà ẹlẹ́sẹ̀ 12. Ọ̀pá tòkè gbọ́dọ̀ wà lọ́gangan lórí tìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ọwọ́ tẹ pákó yẹn. Ẹ fi àlàfo ínṣì 1 sáàárín pákó àti pákó. Ẹ kun orí àti ìdí rẹ̀ ní ọ̀dà, torí ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde, ibẹ̀ ló sì ti ń sán. Ẹ fi páànù àlòkù bò ó lórí, ẹ gbé bulọ́ọ̀kù lé e, ẹ má bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: tapólì tí a fi wé e yíká ló ń bí èbu. Pákó onínṣì 2 á gba oṣù méjì sí mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Láti mọ̀ bó ti gbẹ tó, ẹ gé ègé kan tó nípọn ní ínṣì 1, ó kéré tán ẹsẹ̀ kan sí inú láti orí pákó. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi sínú ọ́fìn oníná, nǹkan bí 103 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá jẹ́ gíráàmù 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá jẹ́ 80, 20 ni omi; 20 pín sí 80 jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tíì tó. Ẹ dúró di 18 tàbí kó dín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oògùn ikán àti kòkòrò

Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára ẹ́ńjìnnì kì í ṣe oògùn. Ojú igi ló ń dúró sí, kò pa kòkòrò tó ti wà nínú, ó sì ń jẹ́ kí iná tètè mú igi. Ẹ ra ojúlówó oògùn igi, irú Solignum, ẹ ka ohun tó wà lára agolo. Igi gbọ́dọ̀ ti gbẹ, torí bí omi bá ti kún inú rẹ̀, oògùn kò ní ráyè wọlé. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ mu tán kí ẹ tó kun èkejì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí máa ń bàjẹ́ sí ni pé wọ́n á kun pákó tán, káfíńtà á wá gé e, ẹnu tuntun tó gé á wà ní òfìfo. Ẹnu yẹn gan-an ló ń fa omi mu jù. Ẹ gbé garawa kékeré tó ní oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gé igi, kí ẹnu kọ̀ọ̀kan wọ inú rẹ̀ kó tó gòkè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ má ṣe é lẹ́bàá kànga. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àjákù pákó tó ti mu oògùn dáná oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkàn án

Pákó tó jókòó lórí ògiri gbọ́dọ̀ ní dámpù, rọ́bà tí kì í jẹ́ kómi kọjá, lábẹ́, kó má fa ọ̀rinrin inú bulọ́ọ̀kù mu. Ọ̀pá irin onímìlímítà 10 tàbí 12 tí ẹ ti gbìn sínú kọnkéré orí ògiri ni kó dè é mọ́lẹ̀, ní ẹsẹ̀ 4 síra wọn. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò, láàárín oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún, kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, òkè ló ń fà á sí. Ìṣó nìkan kò lè dá a dúró.

Ràfútà ẹlẹ́sẹ̀ 18 máa ní ìsopọ̀ kan. Orí òpó ìtìlẹ́yìn ni kí ìsopọ̀ náà bọ́ sí, kí àjákù pákó kan tó gùn ní ẹsẹ̀ 2 gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìsopọ̀ ràfútà tó tẹ̀lé e sí ibòmíràn, kí gbogbo wọn má bàa wà lórí ìlà kan.

Pọ́líìnì 2x2 gba ìṣó onínṣì 4. 2x3 tí a gbé nàró ga jù fún ìyẹn: ẹ kan èèkàn kékeré mọ́ ràfútà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá kan pọ́líìnì mọ́ èèkàn náà. Fún òpèpè, apá àti igi líle gbogbo, ẹ kọ́kọ́ lu ihò tó kéré díẹ̀ sí ìṣó. Ẹ má kan ìṣó sí ibi tí kò tó ínṣì 2 láti orí pákó.

Kí páànù tó gòkè, ẹ na okùn lórí àwọn ràfútà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Èyí tó bá rì, ẹ fi àjákù pẹlẹbẹ gbé pọ́líìnì níbẹ̀. Èyí tó yọ sókè, ẹ fá a, kí ẹ sì tún fi oògùn kun ojú ibi tí ẹ fá. Lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gun inú àjà pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, kó wo orí sílíìnì bóyá ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, kó wo ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan bóyá ikán ti fi amọ̀ ṣe ọ̀nà gòkè, kó sì fi òòlù tún ìṣó tó bá ti yọ orí gbá wọlé.